Ẹni tí Adájọ́ Dá Sílẹ̀ Lábẹ́ Ìṣọ́: Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Amẹ́ríkà Ń Ṣe Bí Ó Bá Rú Àdéhùn

(Ọ̀rọ̀ ìlàlóye fún àwọn ará ìlú)



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dùn mọ́ni ní ilé ẹjọ́ ju ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Òun ni èyí tí adájọ́ ń sọ nígbà tí ó bá wo ojú ẹni tí ó ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá, tí ó sì wí fún un pé kò ní lọ sí ẹ̀wọ̀n, kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò bú sí ẹkún ayọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yóò dì mọ́ ọn, àwọn ará ilé yóò sì rò pé ọ̀ràn ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò tíì parí. Bí iná kò bá tán ní aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ báyìí wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ gbé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni bí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rú àdéhùn tí ó bá adájọ́ ṣe. Ó tọ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, àti nítorí pé irú òfin yìí wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà pẹ̀lú. Kókó ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: òfin fún adájọ́ ní àṣẹ láti gba òmìnira náà padà, ṣùgbọ́n kò fún un ní àṣẹ láti gbà á padà láì kọ́kọ́ béèrè ìdí.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí kì í ṣe adájọ́, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Oníbàtà ni. John Augustus ni orúkọ rẹ̀, ìlú Boston ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ó wà ní ilé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n mú ọ̀mùtí kan wọlé, tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, tí ìrísí rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Augustus bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé bí wọ́n bá lè gba òun lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́ láéláé. Augustus dúró fún un. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú un padà wá síwájú adájọ́, ọkùnrin náà sì ti yí padà pátápátá. Dípò ẹ̀wọ̀n, adájọ́ ní kí ó san sẹ́ǹtì kan péré gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, pẹ̀lú owó ilé ẹjọ́.

Láti ọjọ́ náà títí di ọdún 1859 tí ó kú, Augustus dúró fún àwọn ènìyàn tí iye wọn sún mọ́ 2,000. Ní ọdún 1878, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin tí ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún. Ní ọdún 1925, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ fún àwọn ilé ẹjọ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni Augustus ṣe: ó yẹ ènìyàn wò, ó dúró fún un, ó sì mú un padà wá láti jíhìn. Ohun mẹ́ta náà ni ìdásílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pùròbéṣọ̀n, dúró lé títí di òní.

ÀDÉHÙN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn ńlá ni ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ, bí ilé fífọ́, olè owó ńlá, jìbìtì, tàbí títa oògùn olóró. Bí adájọ́ bá rí i pé ẹni tí ó jẹ̀bi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè yí padà láì jẹ́ pé ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó lè dá a sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, irú ìṣọ́ yìí kì í dín ní ọdún kan, kì í sì í ju ọdún márùn-ún lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀.

Adájọ́ yóò fà á lé alábòójútó kan lọ́wọ́, yóò sì ka àdéhùn sí i létí. Kò gbọdọ̀ dá ọ̀ràn mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ fi ara han alábòójútó rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Ó gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ ṣe. Kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ lo oògùn olóró, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ òun wò nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Bí ó bá fẹ́ kó kúrò ní ilé tí ó ń gbé, tàbí tí ó bá fẹ́ jáde kúrò ní agbègbè náà, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí wọ́n bá bu owó ìtanràn lé e, tàbí tí wọ́n ní kí ó san owó fún ẹni tí ó ṣẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san án bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń rú àdéhùn yìí. Èkíní ni pé kí ó tún dá ọ̀ràn tuntun. Èkejì ni pé kí ó kùnà nínú ìlànà: kò yọjú ní ọjọ́ tí wọ́n dá, kò sanwó, ó ṣí kúrò ní ilé láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó lo oògùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti èkejì yìí kò tó nǹkan, nítorí pé kì í ṣe ọ̀ràn fún ẹlòmíràn láti má yọjú sí ọ́fíìsì. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Ohun tí kì í ṣe ọ̀ràn fún aládùúgbò rẹ̀ lè gbé òun lọ sí ẹ̀wọ̀n.

BÍ ẸJỌ́ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Alábòójútó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé àdéhùn ti bàjẹ́. Bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bá kéré, ó lè kìlọ̀ fún ẹni náà kí ó sì dárí jì í. Bí ó bá tóbi, tàbí tí ó bá ti di lemọ́lemọ́, yóò kọ ìwé sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ lè fi ìwé pe ẹni náà, ó sì lè fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ láti mú un. Ẹni tí ó ń dúró de ẹjọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń rí béèlì gbà, ṣùgbọ́n kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó wà lábẹ́ ìṣọ́, nítorí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń wà ní àtìmọ́lé títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Nígbà kan rí, àwọn ilé ẹjọ́ mìíràn kì í tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni náà rárá. Ní oṣù keje ọdún 1965, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Scarpelli gbà ní ìpínlẹ̀ Wisconsin pé òun digun jalè. Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un, ṣùgbọ́n ó so ó rọ̀, ó sì fi í sí abẹ́ ìṣọ́ fún ọdún méje. Wọ́n gbà fún un pé kí ó máa gbé ní Illinois. Kò pé oṣù kan tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ mú un, wọ́n ní ilé kan ni ó ń fọ́. Wọ́n ní ó jẹ́wọ́; òun sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n fi ipá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gba òmìnira rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ọdún 1973, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí òwe náà. Ó ní kì í ṣe ojú rere lásán ni òmìnira ẹni tí ó wà lábẹ́ ìṣọ́. Wọn kò gbọdọ̀ gbà á láì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ti àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá ìdí wà láti fi í sí àtìmọ́lé. Ti èkejì ni láti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Ní ìgbẹ́jọ́ ìkẹyìn yìí, ẹni náà ní ẹ̀tọ́ mẹ́fà. Èkíní, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé fún un. Èkejì, kí wọ́n fi ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ wọn hàn án. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Ẹ̀kẹrin, kí ó lè bi àwọn ẹlẹ́rìí tí ó takò ó léèrè ọ̀rọ̀, àyàfi bí ìdí pàtàkì kan bá dí i lọ́nà. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà má ṣe ojúsàájú. Ẹ̀kẹfà, bí wọ́n bá gba òmìnira náà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti agbẹjọ́rò, ẹjọ́ ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mempa ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n fi í sí abẹ́ ìṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Washington ní ọdún 1959, nítorí pé ó wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láì gba àṣẹ. Wọ́n tún fi ẹ̀sùn ilé fífọ́ kàn án, kò sì sí agbẹjọ́rò kankan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 1967, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò tọ́: níbi tí adájọ́ kò bá tíì kéde ìjìyà ọ̀ràn náà, kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò kéde rẹ̀. Ìdájọ́ ọdún 1973 ní kí ilé ẹjọ́ máa wo bí ọ̀rọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ti rí ní àwọn ẹjọ́ yòókù. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti fi òfin tiwọn fún gbogbo wọn ní agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbẹ́jọ́ yìí rí bí ti àkọ́kọ́. Kò sí àwọn ará ìlú méjìlá tí yóò jókòó láti sọ bóyá ó jẹ̀bi. Adájọ́ nìkan ni. Ní ẹjọ́ ọ̀ràn, ìjọba gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá títí tí iyèméjì tí ó bọ́gbọ́n mu kò fi ní sí mọ́. Níhìn-ín, ní ọ̀pọ̀ ibi, bí òṣùwọ̀n bá ti tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ti tó. Nítorí náà ni ó fi lè ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n dá ènìyàn láre nínú ọ̀ràn tuntun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀ràn ti tẹ́lẹ̀.

ẸNI TÍ KÒ LÈ SAN ÀTI ẸNI TÍ KÒ FẸ́ SAN

Níbi ọ̀rọ̀ owó ni òfin ti fi ojú àánú rẹ̀ hàn jù. Ní ọdún 1980, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bearden ní ìpínlẹ̀ Georgia gbà pé òun jẹ̀bi ilé fífọ́ àti gbígba ẹrù olè. Adájọ́ fi í sí abẹ́ ìṣọ́, ó sì ní kí ó san dọ́là 500 owó ìtanràn àti dọ́là 250 fún àwọn tí ó ṣẹ̀. Bearden yá owó lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san dọ́là 200 àkọ́kọ́. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n dá a dúró ní ibi iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ kò kọjá kíláàsì kẹsàn-án, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Nígbà tí ọjọ́ owó kù díẹ̀, ó sọ fún ọ́fíìsì àwọn alábòójútó pé owó náà yóò pẹ́. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ gba òmìnira rẹ̀, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ní ọdún 1983, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre. Adájọ́ Sandra Day O'Connor ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní kí adájọ́ tó rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí owó, ó gbọ́dọ̀ wádìí ìdí tí owó náà kò fi jáde. Bí ẹni náà bá ní owó tí ó sì kọ̀ láti san án, tàbí tí kò bá gbìyànjú rárá láti wá a, ẹ̀wọ̀n tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sa gbogbo ipá rẹ̀ tí kò sì rí, kí adájọ́ kọ́kọ́ wo ọ̀nà mìíràn: kí ó fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀, kí ó dín owó náà kù, tàbí kí ó ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìlú dípò rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ìjìyà fún òṣì.

OHUN TÍ ADÁJỌ́ LÈ ṢE

Bí ó bá hàn gbangba pé àdéhùn ti bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó wà ní ọwọ́ adájọ́. Ó lè kìlọ̀ kí ó sì jẹ́ kí ìṣọ́ máa bá a lọ. Ó lè fi ọdún kún un. Ó lè fi àdéhùn tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, bíi kí ẹni náà lọ gba ìtọ́jú nítorí oògùn tàbí ọtí. Ó lè fi í sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀. Ìkẹyìn ni pé kí ó gba gbogbo òmìnira náà padà.

Bí ó bá di ti ìkẹyìn yìí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti rí. Bí adájọ́ bá ti dá iye ọdún kan tí ó sì so ó rọ̀, iye ọdún náà ni yóò já lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dá iye kankan, ó lè dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí òfin gbà fún ọ̀ràn náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àkókò tí ènìyàn ti lò lábẹ́ ìṣọ́ kì í dín ẹ̀wọ̀n náà kù. Àwọn ohun kan tilẹ̀ wà tí òfin kò fi sí ọwọ́ adájọ́: ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, bí wọ́n bá bá ìbọn tàbí oògùn olóró lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ ìṣọ́, dandan ni kí wọ́n gba òmìnira rẹ̀.

Àwọn adájọ́ mìíràn ti ń wá ọ̀nà tí ó sàn. Ní ọdún 2004, adájọ́ Steven Alm ní Hawaii ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń fi ojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yí ìlànà náà padà: bí ẹnikẹ́ni bá ti kùnà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò lọ sí àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn fi ṣe àwòkọ́ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò so èso kan náà níbi gbogbo. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bí a ó ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni iṣẹ́ adájọ́.

ÀWỌN ỌMỌ WA TÍ Ó WÀ LỌ́HÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí ilé. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà pé ìyá rẹ̀ kú, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn ni kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sin ìyá rẹ̀. Kò sí ọmọ gidi tí kò ní ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lábẹ́ ìṣọ́ tí ó sì rìn láì gba àṣẹ, ó ti rú àdéhùn, ìwé àṣẹ ìmúni sì lè ti máa dúró dè é kí ó tó padà. Ṣe ni kí ó kọ́kọ́ tọ alábòójútó rẹ̀ tàbí ilé ẹjọ́ lọ, kí ó ṣe àlàyé, kí ó sì gba àṣẹ náà sínú ìwé. Kí àwọn ará ilé pẹ̀lú má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ gún un lára pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ọjọ́ bá pẹ́ díẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ tún ní ewu mìíràn. Láti ọdún 1996 ni òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ti ń ka ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ so rọ̀ bí ẹni pé kò so ó rọ̀ rárá. Bí wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ènìyàn nítorí olè, tí wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ rọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan náà ni àwọn aṣọ́bodè yóò rí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ dá a padà sí ilé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òun jẹ̀bi, kí ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọ̀lú léèrè.

Ní Nàìjíríà níbí, òfin ìlànà ìdájọ́ ọ̀ràn ti ọdún 2015, tí ó wà fún àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá, fún adájọ́ ní àyè láti dá ènìyàn sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ fún ìgbà tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí ẹni náà bá rú àdéhùn, ilé ẹjọ́ lè pè é tàbí kí ó ní kí wọ́n mú un, kí ó sì fi ìyà ọ̀ràn àkọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀.

Ní ìparí, ohun mẹ́ta ni kí ẹni tí ó wà lábẹ́ ìṣọ́ fi sọ́kàn, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì máa rán an létí. Kí ó máa yọjú ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ìbáà jẹ́ pé kò ní owó tí yóò san lọ́wọ́. Kí ó máa tọ́jú gbogbo ìwé: rìsíìtì owó tí ó san, àti orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ti wá iṣẹ́ lọ, nítorí pé ìwé wọ̀nyí ni yóò fi hàn adájọ́ pé òun gbìyànjú. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ó má ṣe sá. Adájọ́ lè gbọ́ àlàyé ẹni tí ó kùnà. Ẹni tí ó bá sá ti gbé àlàyé rẹ̀ sá lọ.